Ìfikùnlukùn pẹ̀lú ará ìlú lórí èrè iṣẹ́ iná àti epo ní àyíká Abẹ́òkúta

Ìfikùnlukùn lórí èrè iṣẹ́ iná àti epo ni ìpàdé àti ìdúnàádúrà tó ń wáyé láàárín ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ kọ́ ibùdó amúnáwá, dáàmù, òpó iná tàbí ọ̀pá epo, àti àwọn tó ń gbé tàbí tó ń dáko lórí ilẹ̀ tí iṣẹ́ náà yóò gbà kọjá, kí wọ́n lè fẹnu kò lórí ohun tí yóò máa kan àwọn ará ibẹ̀ nínú èrè rẹ̀. Ó yàtọ̀ sí owó gbà-má-bínú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń san owó gbà-má-bínú, fún ohun tó bàjẹ́. Ìpín nínú èrè a máa wọlé lọ́dọọdún níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ya méjèèjì sọ́tọ̀, ibẹ̀ sì ni èdè-àìyedè ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún ìlò gbogbo ènìyàn, irúgbìn, ilé àti àwọn nǹkan mìíràn tí olóko ti ṣe sórí rẹ̀ ni òfin ní kí wọ́n díyelé, kì í ṣe ilẹ̀ náà gan-an. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ka irúgbìn fi ń wọ oko kí katakata tó dé: wọ́n á ka igi kòkó, obì àti ọ̀pẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi ọ̀dà sàmì sí ìdí èyí tí wọ́n ti kà, wọ́n á kọ orúkọ olóko, òun náà á sì tẹ̀ka. Ọ̀nà tí wáyà iná ńlá ti 330 kV (kV, ìyẹn kílófóòtì, ni wọ́n fi ń wọn agbára iná) ń gbà fẹ̀ tó mítà 50, ti 132 kV sì fẹ̀ tó mítà 30. Ilé àti igi gíga kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Wáyà náà lè kọjá lórí abúlé kí abúlé fúnra rẹ̀ sì máa tan àtùpà, nítorí agbára rẹ̀ ju èyí tí ilé lè lò lọ, àfi bí wọ́n bá gbé tiransifọ́mà tí yóò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ wá. Bó bá jẹ́ pé gbogbo ìlú ló ni ilẹ̀ pọ̀, òfin yìí kan náà gba gómìnà láàyè láti ní kí wọ́n san owó náà fún ìlú, fún olórí ìlú nítorí ànfààní ìlú, tàbí sínú àpò kan tí òun bá yàn.

Ta ni yóò wá sọ̀rọ̀ lórúkọ ìlú? Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ọ̀rọ̀ yìí kò rọrùn, nítorí Abẹ́òkúta jẹ́ àkójọ ọ̀pọ̀ ìlú, tí Aké, Òkè-Ọnà, Gbágùúrá àti Òwu jẹ́ ẹ̀ka ńlá wọn, olúkúlùkù pẹ̀lú ọba àti ìjòyè tirẹ̀. Ní abúlé, baálẹ̀ àti mọ̀lẹ́bí tó ni ilẹ̀ tún wà. Lẹ́tà sí baálẹ̀ ni wọ́n sábà fi ń pe ìpàdé. Àwọn tó wá á kọ orúkọ wọn sínú ìwé, wọ́n á buwọ́ lù ú, ìwé yẹn a sì di ẹ̀rí pé ìlú ti gbà. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó buwọ́ lu ìwé pé òun wá kò tíì sọ pé òun fara mọ́ nǹkan kan. Àwọn obìnrin tó ń dáko lórí ilẹ̀ ọkọ tàbí ilẹ̀ àyálò ni wọ́n máa ń fò jù. Abẹ́òkúta ti rí àbájáde irú èyí rí: láti ọdún 1947, Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti jẹ́ olórí rẹ̀, tako owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin láìfún wọn láyè níbi ìpinnu, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí ìtẹ́ fúngbà díẹ̀ ní ọdún 1949.

Òfin tó ní kí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ máa ya owó sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún àwọn ìlú tí iṣẹ́ rẹ̀ kàn kò tíì pẹ́ ní Nàìjíríà, ìnáwó ilé-iṣẹ́ ni wọ́n sì fi ń ṣírò rẹ̀. Òfin Iṣẹ́ Epo Rọ̀bì ti ọdún 2021 ní kí ilé-iṣẹ́ epo máa fi ìdá 3 nínú 100 ìnáwó iṣẹ́ ọdún tó kọjá sínú àpò ìdàgbàsókè àwọn ìlú tí iṣẹ́ rẹ̀ kàn, kí ó sì kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀ láti mọ ohun tí wọ́n nílò. Bí àwọn kan bá ba nǹkan jẹ́ ní ìlú náà, wọ́n á yọ owó àtúnṣe rẹ̀ nínú ìpín ìlú. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu àtúnṣe Òfin Iná Mànàmáná ti ọdún 2023: ilé-iṣẹ́ amúnáwá yóò máa ya ìdá 5 nínú 100 ìnáwó iṣẹ́ ọdún tó kọjá sọ́tọ̀, alámòójútó tí òun àti ará ìlú bá jọ yàn ni yóò sì máa ṣàkóso rẹ̀. Èyí kan àyíká Pápálántó ní gúúsù Abẹ́òkúta, níbi tí ibùdó amúnáwá méjì ti Ọlọ́runṣògo wà, ọ̀kan tó tó mẹ́gáwáàtì 335, èkejì 750, tí gáàsì ń dé ọ̀dọ̀ wọn láti inú ọ̀pá gáàsì tó wá láti Escravos ní ìpínlẹ̀ Delta sí Èkó. Àwọn orílẹ̀-èdè kan gba ọ̀nà mìíràn. Ní Denmark, láti ọdún 2009 sí 2020, ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ amúnáwá kalẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìdá 20 nínú 100 ìpín rẹ̀ lọ àwọn tó ń gbé nítòsí kí wọ́n lè rà á.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ Abẹ́òkúta jù lọ ni dáàmù Ọ̀yán, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Abẹ́òkúta, nǹkan bí kìlómítà 20 sí ìgboro. Ààrẹ Shehu Shagari ṣí i ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1983, ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú òfin ọdún 1992 tó ní kí wọ́n yẹ ipa iṣẹ́ ńlá lórí àyíká wò, kí wọ́n sì gbọ́ tẹnu ará ìlú. Adágún rẹ̀ gba ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà 4,000. Omi fún Èkó àti Abẹ́òkúta, omi fún oko, àti iná mẹ́gáwáàtì 9 láti inú ẹ̀rọ mẹ́ta ni wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ọ. Títí di ọdún 2007, wọn kò tíì lo àwọn ẹ̀rọ náà rárá. Àwọn tí omi gba ilé àti oko wọn kó lọ sí ìbùdó tuntun bí Ìbarò àti Abúlé Titun. Omi tó dúró sójú kan mú kí ìgbín kéékèèké tó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá (àìsàn tó ń mú kí ènìyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀) máa bí sí i, àwọn olùwádìí sì ti rí àìsàn náà lára àwọn ọmọdé ibẹ̀ léraléra. Nígbà òjò, bí wọ́n bá ṣí omi sílẹ̀, àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò Ògùn, tí ẹnikẹ́ni kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ni àgbàrá ń yà wọ ilé wọn. Àwọn náà kì í sí nínú ìwé àwọn tí wọ́n ń pè sí ìpàdé. Òfin ọdún 2024, ìnáwó ilé-iṣẹ́ amúnáwá ló ń gé ìdá 5 nínú 100 lára rẹ̀: omi tó ń lọ sí ìgboro kò sí nínú ìṣirò náà, ibi tí ẹ̀rọ kò bá sì ti yí, kò sí ìnáwó tí wọ́n á gé nǹkan kan lára rẹ̀.