Bí Ìwé Ẹ̀rí Gẹdú Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ní igbó ọba Omo, ní Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, òòlù ni òṣìṣẹ́ igbó fi ń lu kùkùté àti gẹdú tí a bá gé, kí onígẹdú tó gbé e gba J4, ìletò inú igbó náà, bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀. Àmì òòlù náà ń jẹ́rìí pé owó ìjọba ti wọlé, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún ẹni tó ra pákó bóyá igbó náà yóò ṣì jẹ́ igbó lẹ́yìn ogún ọdún. Ìbéèrè yìí ni ó bí ìwé ẹ̀rí gẹdú, tó ń jẹ́rìí pé a ń tọ́jú igbó tí igi ti wá.

Èrò pé kí a máa gé igi níwọ̀n èyí tí igbó lè hù padà ti pẹ́. Ní ilẹ̀ Jámánì, níbi tí ìwakùsà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ igi tán, Hans Carl von Carlowitz kọ ọ́ sínú ìwé ní 1713. H. N. Thompson, tó ti ṣiṣẹ́ igbó ní Bọ́mà, wà lára àwọn tó gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ wá sí Gúúsù Nàìjíríà. A fi òfin ya Omo sọ́tọ̀ ní 1925. Ní 1946, a ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kan apá kan rẹ̀, nǹkan bí hẹ́kítà 460, UNESCO sì kà á mọ́ àwọn igbó àpamọ́ àgbáyé ní 1977. Ní tiwa, ta ni yóò mú àáké wọ igbó Agẹmọ láìgbàṣẹ?

Ní nǹkan bí ọdún 1980 sí 1989, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà kọ̀ láti ra gẹdú ilẹ̀ olóoru, nítorí pé igbó ń run. Inú wọn dára, àmọ́ ìyà náà kò mọ olóòótọ́ yàtọ̀ sí ọ̀bàyéjẹ́: ẹni tó ń ṣọ́ igbó rẹ̀ tọkàntọkàn pàdánù ọjà bákan náà, bẹ́ẹ̀ igbó tí kò mú owó wọlé mọ́ ni a máa ń tètè ṣán fi dáko. Ohun tó sọnù ni ẹlẹ́rìí tí kì í ṣe òǹtajà, tí kì í sì í ṣe òǹrajà. Àwọn oníṣòwò igi àti àwọn olùdáàbòbò igbó jókòó lórí rẹ̀ ní Califóníà ní 1990. Nígbà tí àwọn ìjọba kò lè fẹnu kò sórí òfin igbó tí yóò de gbogbo wọn ní ìpàdé àgbáyé lórí àyíká ní Rio ní 1992, àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ká lára kò dúró dè wọ́n mọ́: ní 1993, ní Toronto, wọ́n dá Forest Stewardship Council sílẹ̀, tí a mọ̀ sí FSC.

FSC fúnra rẹ̀ kì í yẹ igbó wò. Ó ń ṣe ìlànà ni, àwọn ayẹ̀wò tó dá dúró ni yóò wọ igbó lọ. Láti ibẹ̀ títí dé ilé ìlagi àti ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, gbogbo ẹni tí igi náà bá di tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí. Bí ẹnìkan kò bá ní in, àmì FSC kúrò lára pákó. Àwọn onígbó kéékèèké ní Yúróòpù dá ètò ìwé ẹ̀rí mìíràn, PEFC, sílẹ̀ ní 1999.

Ìlànà FSC gba àwọn onígbó kéékèèké láàyè láti para pọ̀ sábẹ́ ìwé kan, èyí tó lè wúlò fún ẹni tó gbin mẹ́línà tàbí tíìkì sí ilẹ̀ ìdílé ní Ìjẹ̀bú. Ní Omo, ayẹ̀wò náà yóò béèrè ju ìwé owó orí igi lọ: igi mélòó ni a fi sílẹ̀ láti so èso, ọ̀nà wo ni erin ń gbà kọjá, ta ni ó sì bá àwọn àgbẹ̀ inú igbó sọ̀rọ̀ kí a tó pín ibi tí a óò gé.