Peter Sellars: ẹni tí ò kọrin, tó gba ẹ̀bùn orin

Ìròyìn Polar Music Prize ti 2014, ẹ̀bùn orin ńlá tí wọ́n ń fúnni ní Sweden, ṣì ń rú àwọn èèyàn lójú. Wọ́n fún Chuck Berry onígìtá, ìyẹn yé wa, wọ́n wá fún ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Peter Sellars náà.

Ṣé aláwàdà inú fíìmù àtijọ́ yẹn ni?
Rárá. Sellers nìyẹn, ará Ìlú Ọba, ó ti kú látọdún 1980. Tiwa yìí, "a" ló wà níbẹ̀, ọmọ Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, 1957 ni wọ́n bí i.

Ṣé ó máa ń kọrin ni?
Kò kọrin o.

Kí ló wá ń ṣe?
Dírẹ́tọ̀ ni, ti opera, eré tí wọ́n ń fi orin ṣe látòkè délẹ̀. Orin ti wà nílẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ lè ti kú láti igba ọdún, dírẹ́tọ̀ ló máa sọ pé ibí ni eré ti ń ṣẹlẹ̀, aṣọ báyìí ni kẹ́ ẹ wọ̀. Láyé 1980s, Sellars gbé Figaro tí Mozart kọ sínú Trump Tower, ilé gogoro kan ní New York, ó gbé Don Giovanni, tí Mozart náà kọ, lọ àdúgbò Harlem níbẹ̀ láàárín àwọn tó ń ta oògùn olóró, orin Mozart ṣì wà bó ṣe wà. Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé: nínú Don Giovanni, ọ̀gá àti ọmọ ọ̀dọ̀ ẹ̀ pààrọ̀ aṣọ lóru kí wọ́n lè tan obìnrin kan. Tí ọ̀kan bá ga bí ọ̀pẹ tí èkejì sì sanra, èèyàn á máa rò pé ṣé obìnrin yìí ò ríran ni. Sellars bá lọ mú ìbejì, Eugene àti Herbert Perry, èèyàn dúdú méjì tójú wọn jọra. Ó parí. Ẹni tó bá ti pe Táyé ní Kẹ́hìndé rí mọ ohun tí mò ń sọ.

Ṣé eré àwọn tó ti kú nìkan ló ń ṣe?
Rárá. Òun ló mú àbá wá fún John Adams, ará Amẹ́ríkà tó ń kọ orin sílẹ̀, pé kó fi ìrìnàjò Nixon, ààrẹ Amẹ́ríkà, lọ China ní 1972 ṣe opera. Houston ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, 1987.

Ṣé gbogbo èèyàn ló gba tiẹ̀?
Háà! Ní Chicago, 1988, ó sọ akọni inú Tannhäuser, eré Wagner, di pásítọ̀ orí tẹlifíṣàn tí ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ wà ní mótẹ́ẹ̀lì. Ẹ fojú inú wò ó.

Mi ò gbọ́ Italian tí wọ́n fi ń kọrin nínú eré Mozart yẹn, ṣé kí n wò ó?
Wò ó jàre. Wọ́n ti ya àwọn eré Mozart yẹn sórí fíìmù, àmọ́ ka ìtàn ẹ̀ ná, torí Sellars ò ní dúró ṣàlàyé fún ẹ.

Kí ló yẹ kó bà mí lẹ́rù?
Aago. Figaro nìkan máa ń tó wákàtí mẹ́ta, tètè lọ tọ̀ kó o tó jókòó.