Àpò Àgbàdo Kì Í Ṣe Òṣùwọ̀n: Bí A Ṣe Ń Wọn Ewu Ìkórè Láti Ṣakí Dé Kétu

Ẹni tó ń yá àgbẹ̀ lówó láti Ìbàdàn máa ń béèrè pé: tọ́ọ̀nù mélòó ni hẹ́kítà kan ń mú wá? Ìbéèrè gidi ni, àmọ́ kò tíì kan ewu. Ewu wà nínú bí ìkórè ṣe ń fò sókè tó sì ń já wálẹ̀ láti ọdún dé ọdún.

Ẹ jẹ́ ká fi oko àgbàdo méjì ṣe àpẹẹrẹ, ọ̀kan ní Ṣakí, èkejì ní Kétu lórílẹ̀-èdè Benin. Láàárín ọdún márùn-ún, oko Ṣakí mú tọ́ọ̀nù 2.2, 1.8, 2.1, 1.9 àti 2.0 wá lórí hẹ́kítà kan. Ti Kétu mú 3.2, 0.9, 2.8, 1.0 àti 2.1. Tọ́ọ̀nù 2 ni ìpíndọ́gba àwọn méjèèjì. Ẹ wo bí ọdún kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí 2 yẹn, ẹ ro àwọn àlàfo náà pọ̀, kí ẹ pín in sí 5. Ti Ṣakí jẹ́ 0.12, ìyẹn ìdá 6 nínú 100 ìpíndọ́gba rẹ̀. Ti Kétu jẹ́ 0.84, ìdá 42. Gbèsè kan náà ò lè rọ àwọn méjèèjì lọ́rùn.

Àpò kò ṣeé fi ṣe ìṣirò yìí, torí bí wọ́n ṣe ń ki àgbàdo sínú rẹ̀ yàtọ̀ síra. Ẹ ta okùn yí mítà 5 sí mítà 5 ká, níbi mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú oko, kì í ṣe ibi tí àgbàdo ti dára jù nìkan. Ẹ ya àgbàdo ibẹ̀, ẹ yín hóró rẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ wá ìpíndọ́gba àwọn ibi náà, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 400: kílò 5 di tọ́ọ̀nù 2 lórí hẹ́kítà. Ẹ má gbàgbé omi inú ọkà o. Kílò 10 tí omi jẹ́ ìdá 22 nínú 100 rẹ̀ kò ní ju bíi kílò 9 lọ tó bá gbẹ dé 13.

Èyí tó ń tan èèyàn jẹ jù ni ilẹ̀ tí wọn ò kórè. Àgbẹ̀ gbin hẹ́kítà 5, ọ̀dá pa 2, ó kó tọ́ọ̀nù 6. Bí ẹ bá pín in sí ilẹ̀ tó kórè, tọ́ọ̀nù 2 ni, bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá pín in sí ilẹ̀ tó gbìn, 1.2 ni. Ilẹ̀ tí wọ́n kórè ni FAO, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, fi ń pín tiwọn, nítorí náà, ẹ fura tẹ́ ẹ bá ń lò ó. Iye àpapọ̀ fún odindi orílẹ̀-èdè pẹ̀lú máa ń bo ewu mọ́lẹ̀: bí òjò bá dá ní Ṣakí tó sì rọ̀ níbòmíràn, àròpọ̀ á dúró gbọn-in.

Ẹ ya àgbàdo àkọ́rọ̀ sọ́tọ̀ sí ti àrọ̀kúrò. Bí irúgbìn tuntun bá sì ń gbé ìkórè ga lọ́dọọdún, ìyẹn kì í ṣe ewu. Ẹ fi àmì sí iye ọdún kọ̀ọ̀kan lórí ìwé, ẹ fi rúlà fa ìlà gba àárín àwọn àmì náà, láti orí ìlà yẹn ni kí ẹ ti wọn àlàfo.