Alt text: ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn fọ́tò

Ẹ̀gbọ́n wa kan wà nínú gúrúùpù ìdílé wa lórí WhatsApp, ojú wọn ò ríran, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń tètè fèsì tó wọn níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n pè mí, wọ́n ní "àbúrò, kí lẹ jù síbẹ̀ látàárọ̀ tí gbogbo yín ń kí ara yín kú oríire?" Káàdì ìgbéyàwó ni. Ọjọ́, gbọ̀ngàn, iye aṣọ ẹbí, inú fọ́tò ni gbogbo ẹ̀ wà, fóònù wọn kàn sọ fún wọn pé "fọ́tò", kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dùn mí gan-an torí èmi ni mo fi káàdì yẹn ránṣẹ́.

Ohun tó ń kàwé sí wọn létí yẹn, screen reader là ń pè é. Ti Android ń jẹ́ TalkBack, ti iPhone ń jẹ́ VoiceOver, lórí kọ̀ǹpútà NVDA wà, ọ̀fẹ́ ni, Michael Curran ará Ọsirélíà tí ojú tiẹ̀ náà ò ríran ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 2006. Wọ́n máa ń ka ọ̀rọ̀ tá a bá tẹ̀ dáadáa, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó bá ti di fọ́tò máa ń bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ibẹ̀ ni alt text ti wúlò. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni, tá a kọ sẹ́yìn àwòrán, ojú lè má rí i, screen reader á kà á. Àjọ W3C tó ń ṣòfin wẹ́ẹ̀bù gbé ìlànà wọn àkọ́kọ́ lórí bí àwọn akànda ẹ̀dá á ṣe lè lo wẹ́ẹ̀bù jáde lọ́dún 1999, alt text gan-an ni wọ́n sì fi ṣíwájú. Ẹni tó ń kọ wẹ́bsáìtì á fi sínú kóòdù, Facebook àti X ní ibi tí ẹ lè kọ ọ́ sí tẹ́ ẹ bá ń gbé fọ́tò síbẹ̀, tó bá jẹ́ WhatsApp, ẹ ṣáà tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ fọ́tò. Láti 2016 ni Facebook ti ń gbìyànjú láti kọ ọ́ fúnra ẹ̀, á ní ó lè jẹ́ èèyàn méjì tó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ṣé ó mọ̀ pé ìyàwó àti ọkọ ni, àbí ó mọ̀ pé òfì ni wọ́n wọ̀?

Kì í ṣe afọ́jú nìkan ló sì wà fún o. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń fà tí fọ́tò kọ̀ tí ò ṣí, alt text náà lẹ máa rí kà níbẹ̀. Ó dà bí ọ̀nà tó dàgẹ̀rẹ̀ tí òfin tí wọ́n buwọ́ lù lọ́dún 2019 fún àwọn akànda ẹ̀dá ní Nàìjíríà ní kí wọ́n ṣe sí ilé tí gbogbo èèyàn ń lò, torí àwọn tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ ni, àmọ́ ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn á gbabẹ̀, aláboyún náà á gbabẹ̀.

Ẹ má wulẹ̀ kọ "fọ́tò káàdì". Ohun tẹ́ ẹ torí ẹ̀ fi ránṣẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ. Èyí tí mo padà tẹ̀ sí Ẹ̀gbọ́n nìyí: "Káàdì ìgbéyàwó, Sátidé tó ń bọ̀, aago 11 àárọ̀, gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa, àǹkárá aláwọ̀ ewé, fìlà pupa." Kíá ni wọ́n fèsì: "Ẹ bá mi mú fìlà kan sílẹ̀."