Bí òfin tó dà bíi pé ó dọ́gba ṣe ń yọ àwọn kan sílẹ̀

Ẹlẹ́yàmẹ̀yà ojúkorojú kò ṣòro láti mọ̀: wọ́n á ní àwọn ò gba irú ẹni báyìí. Èyí tó fara pa mọ́ sínú òfin tolórí-tẹlẹ́mù ló máa ń pẹ́ kó tó hàn.

Ní ilé iṣẹ́ mànàmáná Duke Power, ní North Carolina l'Amẹ́ríkà, iṣẹ́ lébìrà nìkan ni wọ́n ń fún aláwọ̀ dúdú tẹ́lẹ̀. Nígbà tí òfin ìjọba fòpin sí ìyẹn lọ́dún 1965, wọ́n ní ẹni tuntun tó bá fẹ́ wọ ẹ̀ka mìíràn gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí girama, kó sì yege nínú ìdánwò méjì. Wọn ò dárúkọ àwọ̀ kankan. Àmọ́ nínú ìkànìyàn ìpínlẹ̀ náà lọ́dún 1960, ọkùnrin aláwọ̀ funfun 34 nínú 100 ló parí girama. Ti aláwọ̀ dúdú jẹ́ 12. Àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ tí kò níwèé ẹ̀rí sì ń ṣiṣẹ́ náà dáadáa. Lọ́dún 1971, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní ohun tí kò bá bá iṣẹ́ tan kò gbọ́dọ̀ dínà mọ́ni. "N ò kórìíra ẹnikẹ́ni" lè jẹ́ òótọ́, àmọ́ kì í ṣe èsì ìbéèrè tó wà nílẹ̀: ṣé iṣẹ́ náà nílò òfin yìí lóòótọ́?

Kíka iye ènìyàn ni wọ́n fi ń tú àṣírí irú òfin bẹ́ẹ̀ fó. Ká ní ènìyàn 60 láti apá kan béèrè iṣẹ́, tí wọ́n mú 30, ìdajì nìyẹn: 50 nínú 100. Apá kejì, 40 béèrè, wọ́n mú 12: 30 nínú 100. Ẹ fi 50 pín 30, yóò fún yín ní 60 nínú 100. Ìlànà tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 1978 ní bí kò bá tó 80, ó yẹ ká wádìí. Ẹ wá ka ìpele kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, torí ó lè jẹ́ ìdánwò ló ń gé wọn, kó má jẹ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Ibi tí ìṣirò yìí ti máa ń ṣini lọ́nà pọ̀. Bó bá jẹ́ ènìyàn 5 péré ló béèrè, ẹnì kan ṣoṣo lè yí gbogbo rẹ̀ padà. Àwọn tí ìkéde iṣẹ́ ò tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn kò sì sí nínú ìwé rárá.

Bí ìyàtọ̀ bá hàn, ẹ bi òfin náà léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Bó bá jẹ́ ẹrù kílò 25 ni wọn yóò máa gbé, ẹ ní kí wọ́n gbé e wò. Bí ẹ bá ń wọn gíga wọn, ọ̀pọ̀ obìnrin tó lè gbé e ni ẹ ó lé padà.