Ta Ni Yóò Máa Wakọ̀ Nígbà Tí Ẹ Bá Ń Sùn?

Bí àwọn ọmọ wa ní Houston, Dallas tàbí Atlanta bá ti gba CDL Class A, ìyẹn láísẹ́ǹsì tí wọ́n fi ń wa tírélà, tán, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń gbé wá bá mi: "Ẹ̀gbọ́n, iléeṣẹ́ wo ló ń sanwó jù fún àwọn tó ń wa tírélà ní méjì-méjì?" Èmi náà á bi wọ́n pé, "Ta lo fẹ́ kó máa wakọ̀ nígbà tí o bá ń sùn?" Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì ronú kan ìyẹn rárá. Iléeṣẹ́ ni wọ́n ń wá. Lójú tèmi, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ẹnìkejì ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wá.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí iṣẹ́ tíìmù, ìyẹn kí dírẹ́bà méjì jọ máa wa ọkọ̀ kan, ti ṣẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò gba dírẹ́bà tó ń kó ẹrù láyè láti wakọ̀ ju wákàtí 11 lọ, wákàtí 11 yẹn sì gbọ́dọ̀ parí láàárín wákàtí 14 sí ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, dandan ni kó sinmi wákàtí 10 gbáko. Kò sí pé à ń kọ irọ́ sínú ìwé mọ́: láti oṣù Kejìlá ọdún 2017 ni òfin ti ní kí a so ẹ̀rọ ELD mọ́ ẹ́ńjìnnì, òun ló sì ń ka gbogbo ìṣẹ́jú tí táyà bá fi yí. Tí dírẹ́bà bá dá wà, tí wákàtí rẹ̀ pé, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró. Láti Los Angeles dé New York tó nǹkan bíi máìlì 2,800. Ẹnìkan ṣoṣo á lo nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún lójú ọ̀nà. Ẹni méjì tó ń gba stíà lọ́wọ́ ara wọn á dé ibẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó ní oògùn, èso tútù tàbí ọjà tí àwọn oníbàárà rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì á sanwó fún ìyára yẹn. Ìdí nìyẹn tí àwọn iléeṣẹ́ bíi Covenant ní Chattanooga àti CRST ní Cedar Rapids fi gbájú mọ́ iṣẹ́ tíìmù láti ọjọ́ pípẹ́, òun náà ló sì fà á tí ìpolówó fi máa ń ya lu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì.

Ẹ má fi wé ti ilé. Dírẹ́bà tírélà tó gbéra láti Àpápá lọ sí Kano ní mọ́tọ̀bọ́ì, ṣùgbọ́n mọ́tọ̀bọ́ì kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Níbí, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ní láísẹ́ǹsì, oníkálukú ló sì ní àkọsílẹ̀ wákàtí tirẹ̀. Kò sí ọ̀gá, kò sí ọmọ iṣẹ́.

Owó ńkọ́? Ká ní iléeṣẹ́ kan sọ pé òun ń san sẹ́ǹtì 64 lórí máìlì kan fún tíìmù. Ẹ pín in sí méjì: sẹ́ǹtì 32 ni tiyín. Ohun tó mú kó wuni ni pé orí gbogbo máìlì tí ọkọ̀ bá rìn lẹ ti máa gba 32 yẹn, títí kan èyí tó rìn nígbà tí ẹ wà lójú oorun. Bí ọkọ̀ bá rin máìlì 5,000 lọ́sẹ̀, dọ́là 1,600 nìyẹn kí ìjọba tó yọ owó orí. Ẹni tó ń dá wakọ̀, tó ń gba sẹ́ǹtì 52, tó sì rin máìlì 2,500, á gba 1,300. Ṣùgbọ́n bí iléeṣẹ́ kò bá rí ẹrù tó fún yín, tí ọkọ̀ rin 4,000 péré, 1,280 lẹ máa gbà. Owó ẹni tó dá wà ti ju tiyín lọ, ẹ sì tún ń bá ẹlòmíì gbé nínú ibi tí kò fẹ̀ ju balùwẹ̀ lọ. Mo kàn fi iye owó wọ̀nyí ṣe àpẹẹrẹ ni, àmọ́ ìṣirò náà kì í yí padà. Torí náà, ẹ má dúró lórí "sẹ́ǹtì mélòó?" Ẹ bi wọ́n pé: "Máìlì mélòó ni àwọn tíìmù yín rìn lóṣù tó kọjá? Tí wọ́n bá dá wa dúró wákàtí mẹ́fà níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù, èló lẹ ń san?" Bí ẹni tó ń gba èèyàn síṣẹ́ bá ń ṣẹ́ kọ́nà sí ìbéèrè méjèèjì yìí, ẹ kí i pé ó dàárọ̀.

Ọ̀rọ̀ oorun ni mo fẹ́ ká jókòó tì. Lọ́sẹ̀ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ tíìmù, lórí ọ̀nà márosẹ̀ I-80 ní Wyoming, láàárín Laramie sí Rawlins níbi tí afẹ́fẹ́ ti máa ń bi tírélà òfìfo ṣubú, ẹnìkejì mi ṣàdédé tẹ bíréèkì. Lójú oorun ni mo wà, lórí bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́yìn àga dírẹ́bà. Bí kì í bá ṣe bẹ́líìtì bẹ́ẹ̀dì tí mo fi há ara mi, ara dígí iwájú ni ǹ bá ti bá ara mi. Ó ń tẹ̀ lé ọkọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ tímọ́tímọ́ lórí yìnyín. Láti òru ọjọ́ yẹn ni oorun ti dá lójú mi. Òfin ní kí gbogbo bẹ́ẹ̀dì inú ọkọ̀ ní ohun tó ń há ẹni mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ ò bá rí i nínú ọkọ̀ tí wọ́n fún yín, ẹ má jẹ́ kó gbéra.

ELD kò mọ oorun. Ohun tó mọ̀ ni pé ẹ wà lẹ́yìn fún wákàtí 10, ó sì gbà pé ẹ ti sinmi. Bí ẹnìkejì bá ń wakọ̀ lọ́nà tó ń já yín láyà, ojú lásán lẹ máa fi ka wákàtí mẹ́wàá náà. Tó bá di ọjọ́ kẹrin, ẹ̀yin náà lẹ máa di ewu lójú títì. Òfin sọ ọ́ kedere pé dírẹ́bà tí àárẹ̀ ti mú kọjá ohun tó lè fi wakọ̀ láìséwu kò gbọdọ̀ di stíà mú, bí wákàtí bá tilẹ̀ ṣì kù fún un, iléeṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ fi ipá mú un. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹni tó ń pín ẹrù bá pè yín láago méjì òru.

Kò tún pọn dandan kí ẹ fi gbogbo wákàtí 10 náà dùbúlẹ̀. Ó kéré tán, wákàtí 7 tó tẹ̀ léra gbọ́dọ̀ jẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ sì lè fi wákàtí 3 tó bá kù jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà nígbà tí ọkọ̀ ń lọ. Ẹ fi ọkàn sí wákàtí 3 yẹn, mo ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Ọ̀nà wo ni kí ẹni tuntun wá gbà? Iléeṣẹ́ lè kó ẹ̀yin tuntun méjì pọ̀ kété tí ẹ bá kúrò lọ́dọ̀ olùkọ́, ìyẹn dírẹ́bà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́ yín nínú ọkọ̀. Èmi ò gbà fún yín. Ẹni méjì tí kò tíì gun òkè Donner Pass rí nígbà yìnyín, tí kò tíì fi ṣéènì sí táyà rí, kò ní ẹni tí wọ́n máa bi. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn àbúrò mi ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ dá wakọ̀ fún ọdún kan. Nínú tíìmù, ẹnìkan ló sábà máa ń gba títi ọkọ̀ sẹ́yìn sí ibi ìjáẹrù, ẹnìkejì á sì lo oṣù mẹ́jọ láì mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tó bá ti dá wà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣètò ibi tí òun máa sùn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àkókò ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ ní ọgbọ́n tiẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ kan máa ń jẹ́ kí olùkọ́ lọ sùn nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń wakọ̀. Ọkọ̀ ń rin máìlì tíìmù, akẹ́kọ̀ọ́ ń gba owó akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ bèèrè kí ẹ tó wọlé: "Ọ̀sẹ̀ mélòó ni olùkọ́ máa fi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi?" Ẹ̀yin obìnrin, ẹ béèrè olùkọ́ obìnrin, ẹ má sì tijú láti dúró dè é.

Tọkọtaya ń ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa. Mo mọ àwọn kan tí ìyá àgbà wá láti ilé láti dúró ti àwọn ọmọ, gbogbo owó méjèèjì sì ń wọ ilé kan náà. Àmọ́ ọ̀rẹ́ tàbí ọmọ ìjọ kan náà kò tó. Ẹ jókòó kí ẹ sọ ọ̀rọ̀: ta ló fẹ́ òru, ta ló fẹ́ ọ̀sán? Ibo la ti máa dúró kírun? Ọjọ́ mélòó la máa lò kí a tó padà sílé? Ṣé ẹ ń mu sìgá? Bó bá ń mu igbó, ọ̀rọ̀ ti parí: bí ìpínlẹ̀ bíi Colorado tilẹ̀ gbà á láyè, òfin àpapọ̀ kò gbà á fún àwa oní-CDL, láti ọdún 2020 ni èsì àyẹ̀wò tí kò dáa sì ti ń wọ ìwé tí iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ gbà yín gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò.

Ẹ ka àdéhùn. Tí wọ́n bá ní àwọn á fún yín ní ọkọ̀ kí ẹ máa fi iṣẹ́ san owó rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ láti yẹ irú ètò yẹn wò sọ nínú ìjábọ̀ rẹ̀ ní ọdún 2025 pé kí ilé aṣòfin fòfin dè é. Ẹ wo ìwé tó ní ẹ máa dá owó ẹ̀kọ́ padà tí ẹ bá kúrò kí oṣù kan pàtó tó pé. Ẹ wo bóyá W-2 (ìwé owó orí òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́) ni wọ́n fẹ́ fi sanwó fún yín tàbí 1099 (ti ẹni tó ń dáṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe), torí lórí 1099, ẹ̀yin lẹ máa gbé gbogbo owó orí fúnra yín.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sórí wákàtí 3 yẹn. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, ẹ fi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ wo àyè tó ń fi sílẹ̀ níwájú. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí fóònù bá dún. Ẹ wo bó ṣe ń wa ọkọ̀ tó tó 80,000 páùn sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, bóyá ẹ́ńjìnnì ló fi ń dá a dúró ni àbí bíréèkì ló ń tẹ̀ títí ó fi ń rùn. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹnìkejì mi àkọ́kọ́. Nígbà tí a dé Salt Lake City, mo gbé báàgì mi sọ̀ kalẹ̀, mo sọ fún iléeṣẹ́ pé kí wọ́n wá ẹlòmíì fún mi, mo sì sùn sí ọgbà wọn fún ọjọ́ méjì láì gba kọ́bọ̀. Ọkùnrin tí wọ́n mú wá lọ́jọ́ kẹta ni mo ṣì ń bá wakọ̀ títí dòní. Lóru ọjọ́ kìíní, mo jókòó tì í láti Salt Lake City dé Evanston. Lẹ́yìn náà ni mo lọ sẹ́yìn, mo há bẹ́líìtì, mo sì sùn.