Rósárì: Sáàmù Àwọn Tí Kò Mọ̀wé

Bi ọmọ ìjọ Àgùdà léèrè ibi tí rósárì, okùn ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n fi ń ka àdúrà, ti wá, ọ̀pọ̀ wọn ni yóò sọ fún ọ pé Màríà Wúńdíá fúnra rẹ̀ ló fi lé Dòmíníkì Mímọ́, àlùfáà tó dá ẹgbẹ́ Dòmíníkì sílẹ̀, lọ́wọ́ ní Prouille, nílẹ̀ Faransé, lọ́dún 1214. Ìtàn náà dùn, àwòrán rẹ̀ sì pọ̀ lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Àmọ́ àwọn tó kọ ìtàn ayé Dòmíníkì láìpẹ́ sí ìgbà tó kú kò mẹ́nu bà á rárá. Alain de la Roche, ọ̀kan lára àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Dòmíníkì, tó kú lọ́dún 1475, ló tan ìtàn yẹn kálẹ̀, lẹ́yìn igba ọdún ó lé. Bí nǹkan ṣe lọ gan-an kò ní ìran tàbí iṣẹ́ àrà nínú, síbẹ̀ òun ni mo fẹ́ràn jù.

Ní Yúróòpù àtijọ́, àwọn ọkùnrin tó jẹ́jẹ̀ẹ́ láti gbé ilé àdúrà títí ayé wọn ní iṣẹ́ kan tí wọn kì í fi ṣeré: kíka Sáàmù, gbogbo 150, ní èdè Látìn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ará ilé ló mọ̀wé. Àwọn kan wà tó ń roko, tó ń dáná, tó ń da màlúù. Kí ni kí àwọn yẹn ṣe? Wọ́n ní kí wọ́n máa fi “Bàbá wa tí ń bẹ ní ọ̀run” dípò Sáàmù kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn di àádọ́jọ Bàbá Wa. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti ka nǹkan tó tó bẹ́ẹ̀ lórí ìka, tó tún ń fọkàn sí àdúrà, mọ̀ pé kò níí pẹ́ tí iye yóò fi dàrú mọ́ ọn lójú. Ni àwọn kan bá ń ṣa òkúta wẹ́wẹ́, àwọn mìíràn ta kókó sára okùn, àwọn tó rí jájẹ sì ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn Híńdù àti ẹlẹ́sìn Búdà ti ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ka àdúrà tipẹ́; àwọn Mùsùlùmí náà ní tẹ̀sùbáà tiwọn.

Godiva, obìnrin ọlọ́lá kan ní Coventry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó kú ní nǹkan bí ọdún 1067, fi okùn òkúta iyebíye tó fi ń ka àdúrà sílẹ̀ pé kí wọ́n fi kọ́ ère Màríà lọ́rùn. Nígbà tó máa fi di ọdún 1300, iṣẹ́ náà ti di òwò gidi ní Paris. Àwọn oníṣọ̀nà tó ń fi eegun àti ìwo ẹran ṣe ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà ní ẹgbẹ́ tiwọn, àwọn oníyùn ní tiwọn, ẹnìkan kò sì gbọdọ̀ yà sí iṣẹ́ ẹnìkejì.

Díẹ̀díẹ̀ ni “Mo kí ọ Màríà” gba ipò Bàbá Wa lórí okùn. Nígbà yẹn, àdúrà náà kúrú ju ti òní lọ. Ọdún 1568 ni “Màríà mímọ́, ìyá Ọlọ́run, gbàdúrà fún àwa ẹlẹ́ṣẹ̀” tó wọ inú ìwé àdúrà tí Póòpù Pius Karùn-ún fọwọ́ sí. Kó tó dìgbà yẹn, ọkùnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ kan ní Trier, nílẹ̀ Jámánì, tí wọ́n ń pè ní Dominic ará Prussia, ti so gbólóhùn kúkúrú nípa ìgbésí ayé Jésù mọ́ àdúrà kọ̀ọ̀kan, àádọ́ta lápapọ̀. Ibẹ̀ ni ríronú lórí ìtàn Jésù bí a ṣe ń ka ìlẹ̀kẹ̀ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Lọ́dún 1475, wọ́n dá ẹgbẹ́ rósárì sílẹ̀ ní Cologne. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wọlé. Kó ṣáà ti forúkọ sílẹ̀. Ọba àti tálákà wà nínú ìwé kan náà.

Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ló sọdá òkun dé Brazil. Lọ́dún 1685, àwọn aláwọ̀ dúdú ní Salvador, ní Bahia, dá ẹgbẹ́ Màríà Onírósárì tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sí àdúgbò Pelourinho. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní. Irú ẹgbẹ́ báyìí máa ń sìnkú ọmọ ẹgbẹ́, ó sì máa ń ran ẹrú lọ́wọ́ láti ra ara rẹ̀ padà. Nígbà tí àwọn Yorùbá tó gba òmìnira padà dé Èkó, ẹ̀sìn yìí bá wọn bọ̀. Pa Antonio, òun náà ẹrú tẹ́lẹ̀ rí, ló ń kó wọn jọ fún àdúrà. Fáda Borghero, àlùfáà òyìnbó, kò dé Èkó títí di ọdún 1863. Ìjọ ló bá níbẹ̀, kì í ṣe òun ló dá a sílẹ̀.

Rósárì tó wọ́pọ̀ lónìí ní ìlẹ̀kẹ̀ 59: 53 fún Mo Kí Ọ Màríà, 6 fún Bàbá Wa. Wo èyí tó wà lọ́wọ́ àgbà obìnrin kan ní ìjọ: ọ̀dà ti bó lára ìlẹ̀kẹ̀ níbi tí àtàǹpàkò ń gbà kọjá, okùn ìpẹja sì ni wọ́n fi sín in padà nígbà tí wáyà rẹ̀ já. Ọmọ rẹ̀ ra tuntun fún un láti Róòmù; ó dúpẹ́, ó tọ́jú u sínú àpótí, ó ń lo ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí tí fáda bá ti bù kún, wọn kì í sọ ọ́ sí ààtàn bó bá bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Wọ́n á sun ún tàbí kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀. Òkú ẹlòmíràn, òun ni wọ́n máa ń wé mọ́ ọn níka. Èyí tó ń jó fìrìfìrì nídìí dígí ọkọ̀ dánfó ńkọ́? Ìyẹn, kí onímọ́tò sọ bó bá ń kà á.

Ọ̀kan ṣoṣo ló ń dùn mí. Ìpele ìtàn Jésù tí a ń ronú lé lórí jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tẹ́lẹ̀, márùn-ún-márùn-ún ní yíyí okùn kan, Màríà mẹ́wàá-mẹ́wàá fún ìpele kọ̀ọ̀kan: gbogbo rẹ̀ jẹ́ 150, iye Sáàmù gẹ́lẹ́. Ní October 2002, Póòpù John Paul Kejì fi ìpele márùn-ún ti Ìmọ́lẹ̀ kún un, ó di 200, bẹ́ẹ̀ ni ìṣirò àwọn tí kò mọ̀wé wọ̀nyẹn yẹ̀. Àwọn ìyá kan ò tẹ̀ lé e. Bó bá di Ọjọ́bọ̀, tó yẹ kó jẹ́ ti Ìmọ́lẹ̀, ti Ayọ̀ tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń kà, fáda kò sì lè bá wọn wí, torí Póòpù fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé kì í ṣe dandan.